Ohun tí Ó Yẹ kí Àwọn Ọ̀dọ́ Wa Kọ́ fún Ìdánwò Iṣẹ́ Ìjọba

Ìbéèrè tí mo fẹ́ dáhùn nínú ẹ̀kọ́ yìí ni èyí tí àwọn òbí ní Ṣakí, ní Ìṣẹ́yìn, ní Òkèihò àti ní Ìgbòho ń béèrè lọ́wọ́ àwọn àlùfáà àti àwọn olùkọ́: Kí ni kí ọmọ wa kọ́ kí ó lè yege nínú ìdánwò iṣẹ́ ìjọba? Ìbéèrè rere ni. Ṣùgbọ́n èrò ọ̀pọ̀ nínú àwọn tí ń béèrè rẹ̀ ni pé ìwé kékeré kan wà níbì kan tí a kó ìbéèrè àti ìdáhùn sí, tí ẹni tí ó bá há a sórí yóò wọlé. Àwọn mìíràn tilẹ̀ ń wá ẹni tí yóò ta ìdáhùn fún wọn. Nítorí náà ó yẹ kí a kọ́kọ́ mọ ìdí tí a fi dá irú ìdánwò bẹ́ẹ̀ sílẹ̀. Nígbà náà ni yóò hàn sí wa ohun tí ó yẹ ní kíkọ́.

Ìdánwò fún iṣẹ́ ọba kì í ṣe ohun tuntun. Ẹnikẹ́ni tí ó bá ti ka ìwé Dáníẹ́lì yóò rántí pé a kó àwọn ọ̀dọ́mọkùnrin Júdà lọ sí Bábílónì, a sì kọ́ wọn ní ìwé àti èdè àwọn ará Kálídíà fún ọdún mẹ́ta, lẹ́yìn èyí tí ọba fúnra rẹ̀ bi wọ́n ní ìbéèrè. Ẹ kíyèsí i pé a fún wọn ní àkókò tí ó tó, a sì kọ́ wọn ní èdè ilẹ̀ tí wọn yóò ti ṣiṣẹ́. Ẹ sì kíyèsí i pé ní ọ̀pọ̀ ọdún lẹ́yìn náà, nígbà tí àwọn ọ̀tá Dáníẹ́lì ń wá ẹ̀sùn sí i lẹ́sẹ̀ nínú iṣẹ́ ìjọba, wọn kò rí nǹkan kan. Ìdánwò ọba ṣe ọjọ́ kan; ìdánwò iṣẹ́ náà bá a dé ọjọ́ ogbó.

Bí a bá wá sí ayé tiwa, orílẹ̀-èdè kan tí a lè fi ṣe àwòkọ́ṣe ni Íńdíà, nítorí òun náà ti wà lábẹ́ àwọn Gẹ̀ẹ́sì bí àwa. Ní ìgbà àtijọ́, àwọn olórí ẹgbẹ́ oníṣòwò tí ń ṣàkóso ilẹ̀ náà ni wọ́n máa ń yan ẹni tí ó wù wọ́n sí iṣẹ́ ìjọba, ọmọ ọ̀rẹ́ àti ìbátan wọn. Ní 1855 a bẹ̀rẹ̀ ìdánwò ní Lọ́ńdọ́nù kí ẹni tí ó bá mọ̀wé lè wọlé bí kò tilẹ̀ ní baba ìsàlẹ̀. Síbẹ̀, ọ̀nà Lọ́ńdọ́nù jìn sí àwọn ọmọ Íńdíà, títí di 1863 kí ẹni àkọ́kọ́ nínú wọn, Satyendranath Tagore, tó yege. Àti títí di 1922 kí a tó ṣe ìdánwò náà ní Íńdíà fúnra rẹ̀. A rí i báyìí pé tìtorí kí ojúsàájú lè dópin ni a ṣe dá ìdánwò sílẹ̀. Ẹni tí ó bá ra ìdánwò, ojúsàájú ni ó tún mú wọlé láti ẹ̀yìnkùlé.

Lónìí, ìpele mẹ́ta ni ìdánwò iṣẹ́ ìjọba Íńdíà: ìdánwò àṣàyàn ìdáhùn, ìdánwò ńlá tí a ń fi ọwọ́ kọ, àti ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò. Ìwé mẹ́sàn-án ni ó wà nínú ìdánwò ńlá náà, wákàtí mẹ́ta fún ọ̀kọ̀ọ̀kan. Méjì jẹ́ ti èdè: ọ̀kan Gẹ̀ẹ́sì, èkejì ọ̀kan nínú èdè ilẹ̀ wọn 22 tí òfin dárúkọ. Máàkì méjèèjì yìí kì í wọ àròpọ̀, ṣùgbọ́n ẹni tí kò bá gba ìdámẹ́rin nínú wọn, a kì yóò ka ti ìwé yòókù sí i. Lẹ́yìn náà ni àròkọ, 250 máàkì. Ìwé mẹ́rin lórí ìmọ̀ gbogbogbòò, 250 fún ọ̀kọ̀ọ̀kan. Àti ìwé méjì lórí ẹ̀kọ́ kan ṣoṣo tí onídàánwò bá yàn fúnra rẹ̀. Gbogbo rẹ̀ jẹ́ 1,750. Ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò fi 275 kún un. Nínú ìwé ìmọ̀ gbogbogbòò mẹ́rin wọ̀nyí, èkíní jẹ́ ti ìtàn, ilẹ̀ àti àwùjọ. Èkejì ti òfin àti ìṣàkóso. Ẹ̀kẹta ti ọrọ̀ ajé, iṣẹ́ àgbẹ̀ àti ààbò. Ẹ̀kẹrin, tí a fi kún un ní 2013, jẹ́ ti ìwà títọ́ àti ìṣòtítọ́.

Èmi kò sọ èyí kí ọmọ wa lè lọ ṣe ìdánwò Íńdíà. Mo sọ ọ́ nítorí pé ó fi odindi òṣìṣẹ́ ìjọba hàn wá: ẹni tí ó mọ èdè, tí ó mọ ilẹ̀, tí ó mọ òfin, tí ó sì ní ìwà. Ní ilẹ̀ wa, Ìwé Òfin ọdún 1999 ni ó gbé Ìgbìmọ̀ Iṣẹ́ Ìjọba Àpapọ̀ àti ti ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan kalẹ̀. Ìdánwò wọn kò gùn bí ti Íńdíà, a sì ti ń fi kọ̀ǹpútà ṣe púpọ̀ nínú rẹ̀; ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá múra sílẹ̀ ní ọ̀nà márùn-ún wọ̀nyí, ìbéèrè kì yóò bá a lójijì.

Èkíní ni èdè Gẹ̀ẹ́sì, nítorí òun ni a fi ń kọ ìwé ní ilé iṣẹ́ ìjọba. Kì í ṣe ọ̀rọ̀ ńláńlá ni a ń wá, bí kò ṣe ọ̀rọ̀ tí ó yé ni. Kí ọ̀dọ́ máa ka ìwé ìròyìn lójoojúmọ́, kí ó máa gé ọ̀rọ̀ gígùn kúrú. Bí ó bá ti ìsìn Àìkú dé, kí ó jókòó kọ ìwàásù ọjọ́ náà sí ojú ewé kan. Ẹni tí ó bá ṣe èyí fún ọdún kan, àròkọ kò ní dẹ́rù bà á mọ́.

Èkejì ni èdè Yorùbá. Ọ̀pọ̀ yóò ní ìdánwò tiwa kò béèrè rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni, ṣùgbọ́n iṣẹ́ náà ń béèrè rẹ̀. Bí àgbẹ̀ kan láti Kìṣí bá mú ẹjọ́ wá pé màlúù jẹ oko iṣu òun, tí akọ̀wé kò sì gbọ́ ìjìnlẹ̀ ohun tí ó ń sọ, ohun tí akọ̀wé kọ sínú fáìlì kì yóò bá ẹjọ́ náà mu, orí àgbẹ̀ náà ni àṣìṣe rẹ̀ yóò sì já lé. Ẹ rántí pé Òṣogùn, ní ẹkùn Ìṣẹ́yìn níhìn-ín, ni a bí Bíṣọ́ọ̀bù Samuel Ajayi Crowther sí. Ó wà lára àwọn akẹ́kọ̀ọ́ àkọ́kọ́ ní Fourah Bay ní 1827, ó sì gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì jinlẹ̀. Síbẹ̀ ní 1843 ìwé rẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ àti gírámà Yorùbá jáde. Ìmọ̀ èdè àlejò kò sọ èdè ìyá rẹ̀ di ohun àbùkù lójú rẹ̀.

Ẹ̀kẹta ni ìṣirò àti ètò owó. Ìwé Ìlànà Ìnáwó ìjọba wà lára ohun tí a fi ń ṣe ìdánwò ìgbéga, ó sì ń kọ́ni pé a kò gbọdọ̀ ná owó láìgba àṣẹ, a kò sì gbọdọ̀ ná an láìní ìwé ẹ̀rí. Ilé ìwé èyí kò jìnnà sí wa: kí ọ̀dọ́ gbà láti ṣe akọ̀wé owó ẹgbẹ́ rẹ̀ nínú ìjọ, kí ó kọ gbogbo owó tí ó wọlé àti èyí tí ó jáde, kí ó sì fi ìwé rẹ̀ lélẹ̀ fún àyẹ̀wò láìbínú.

Ẹ̀kẹrin ni òfin àti ilẹ̀ wa. Kí ó ka Ìwé Òfin 1999 àti Ìwé Ìlànà Iṣẹ́ Ìjọba. Kí ó mọ iṣẹ́ àwọn aṣòfin, ti àwọn alákòóso àti ti àwọn onídàájọ́. Kí ó mọ ìpínlẹ̀ 36 àti ìjọba ìbílẹ̀ 774, kí ó sì mọ mẹ́wàá tí ó wà ní Òkè-Ògùn pẹ̀lú. Kí ó mọ ìtàn pẹ̀lú. Ní 1916, àwọn ará Ìṣẹ́yìn àti Òkèihò dìde sí ètò ìṣàkóso àti ilé ẹjọ́ tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì gbé kalẹ̀, ẹ̀mí sì ṣòfò. Bí ìjọba bá gbé ètò kalẹ̀ láìmọ ohun tí ń dun àwọn ènìyàn, iná ni ó ń dá tí kò mọ̀.

Ẹ̀karùn-ún ni ìwà. Bí Íńdíà tilẹ̀ fi ìwé ìbéèrè wá a, kò sí ìwé tí ó lè wọ̀n ọ́n tán. Henry Carr, ọmọ ìjọ wa tí a bí ní Èkó ní 1863, wọ iṣẹ́ ìjọba ní 1889, ó sì dé ipò Résídẹ́ǹtì Èkó ní 1918, ní ìgbà tí irú ipò bẹ́ẹ̀ ṣọ̀wọ́n fún aláwọ̀ dúdú. Kò dẹ́kun ìwé kíkà nígbà tí ó dé ipò. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún ìwé tí ó kó jọ wà ní Yunifásítì Ìbàdàn.

Ẹ jẹ́ kí a wá ro ọ̀rọ̀ àwọn tí ń ta ìdáhùn. Òfin ọdún 1999 lórí màgòmágó ìdánwò fi ẹ̀wọ̀n sí i. Ṣùgbọ́n ẹ̀wọ̀n kọ́ ni ó burú jù nínú rẹ̀. Òṣìṣẹ́ ìjọba ń ṣiṣẹ́ títí ó fi pé ọdún 35 lẹ́nu iṣẹ́, tàbí títí ó fi di ẹni ọdún 60. Ọmọ ọdún 25 tí ó bá fi èké wọlé lónìí yóò wà lórí ọ̀rọ̀ omi wa, ọ̀nà wa, oko wa àti ilé ìwosàn wa fún ọdún 35. Owó tí baba rẹ̀ fi ra ìdáhùn, ó di dandan kí ó wá a padà. Lọ́wọ́ ta ni yóò ti gbà á, bí kò ṣe lọ́wọ́ opó tí ó wá gba ìwé ẹ̀tọ́ ọkọ rẹ̀? Bí a bá sì sọ̀rọ̀, yóò ní bí ayé ti rí ni. Àwa òbí tí a san owó náà ni a kọ́ ọ bẹ́ẹ̀.

Ìbéèrè àtijọ́ dára láti wò, kí ọ̀dọ́ lè mọ bí a ti ń béèrè. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó mọ ìbéèrè àtijọ́ nìkan, ìbéèrè tuntun kan ṣoṣo ti tó láti dá a padà. Kí ó ya wákàtí méjì sọ́tọ̀ ní ìdájí, fún oṣù mẹ́fà ó kéré tán, kí ó sì máa fi ìwé kan lé òmíràn. Ẹni tí ń hun aṣọ òfì ní Ìṣẹ́yìn mọ̀ pé òwú kan ni a ń sọ lẹ́yìn òmíràn títí aṣọ yóò fi pé. Kí àwọn tí wọ́n ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ ìjọba nínú ìjọ wa kó àwọn ọ̀dọ́ jọ lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀, kí wọ́n fi ohun tí wọ́n mọ̀ hàn wọ́n lọ́fẹ̀ẹ́. Bí ọmọ kan bá sì ṣe ìdánwò ní òtítọ́ tí kò yege, ẹ má ṣe bú u. Ìmọ̀ tí ó kó jọ kì í ṣègbé. Yóò tún ṣe é, tàbí kí ó fi ṣe olùkọ́, oníṣòwò tàbí àgbẹ̀ tí ó mọ ẹ̀tọ́ rẹ̀.

Kí Ọlọ́run fún àwọn ọmọ wa ní ọgbọ́n láti kọ́ ẹ̀kọ́, kí ó sì fún àwa òbí wọn ní ìgboyà láti dúró de èrè òtítọ́.