Tírà Ilé Àwọn Àáfà Wa



Ní Arimogija, ọmọ àáfà kan ṣí àpótí bàbá rẹ̀ lójú mi. Tírà àfọwọ́kọ ló wà níbẹ̀. Ikán ti jẹ apá kan. Mo ní kí ló dé tí kò kó wọn fún àwọn tó mọ ìtọ́jú. Ó ní: “Alhaji, bí wọ́n bá dé Ìbàdàn, ta ni yóò tún fojú kàn wọ́n nílé wa?”

Ó jàre. Ṣùgbọ́n láti 1964 ni Yunifásítì Ìbàdàn ti dá ibùdó ìwé Lárúbáwá sílẹ̀: nígbà náà, wọ́n ń yá tírà lọ́wọ́ àwọn àáfà, wọ́n ń ya fọ́tò rẹ̀, wọ́n sì ń dá a padà. Lónìí, fóònù àpò oníṣòwò lè ṣe irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀. (Ẹ jọ̀wọ́, ẹ nu ọwọ́ gbẹ ná!) Kí ẹ̀dà kan lọ sí Ìbàdàn, kí èkejì wà ní mọ́sálásí, kí tírà má kúrò nílé.

Mo sọ ọ́ fún un. Ó ní kí n padà wá lẹ́yìn Jímọ̀. Ọwọ́ ìyá òun ni kọ́kọ́rọ́ àpótí kejì wà.