Ọ̀nà Tí Ó Wà Láàrin Oko Àti Ìkòkò

Kò sí ìdílé kan láàrin wa tí kì í ráhùn nítorí ọ̀wọ́n oúnjẹ. Ohun tí ó yẹ kí ó yà wá lẹ́nu ni pé àgbẹ̀ tí ó gbin oúnjẹ náà ń ráhùn bákan náà pé òun kò rí èrè jẹ. Bí ẹni tí ń rà bá ń sunkún, tí ẹni tí ó gbìn sì ń sunkún, ó tọ́ kí á bèèrè ohun tí ó wà láàrin àwọn méjèèjì.

Ẹ jẹ́ kí á tẹ̀lé apẹ̀rẹ̀ tòmátì kan. Àgbẹ̀ ká a ní ìdájí. Alárọ́bọ̀ tí ó wá sí abúlé rà á. Ọlọ́kọ̀ gbé e, ó sì gba owó ọkọ̀. Àwọn tí ń dá ọkọ̀ dúró lójú ọ̀nà gba tiwọn. Alágbàtà ní Bódìjà ní Ìbàdàn, tàbí ní Mile 12 ní Èkó, gbà á sí ìsọ̀ rẹ̀. Alábàárù rù ú. Ẹni tí ń tà ní wẹ́wẹ́ ládùúgbò ni ó wá tà á fún wa. Ọwọ́ mẹ́fà ni a kà yìí, olúkúlùkù wọn ni ó sì gbọ́dọ̀ jẹun. Èyí tí ó bàjẹ́ lọ́nà kò lọ lásán: owó rẹ̀ ti di ara iye tí a ń ta èyí tí ó kù.

Tòmátì kì í dúró de ẹnikẹ́ni. Ẹ̀gẹ́ pàápàá, bí a bá ti wú u, kì í ju ọjọ́ méjì tàbí mẹ́ta lọ kí ó tó bẹ̀rẹ̀ sí bàjẹ́. Alárọ́bọ̀ mọ̀ bẹ́ẹ̀, àgbẹ̀ náà sì mọ̀. Nítorí náà, nígbà tí a bá ń dúnàádúrà, ẹni tí ẹrù rẹ̀ wà nílẹ̀ ni ó ń bẹ̀bẹ̀. Àgbẹ̀ mìíràn tilẹ̀ ti gba owó sílẹ̀ kí irè tó gbó, láti fi san owó ilé-ẹ̀kọ́ ọmọ tàbí láti fi ra oògùn; nígbà tí ìkórè bá dé, kò ní ẹnu láti sọ iye tí òun fẹ́.

Ìdí nìyí tí àwọn kan fi ń wí pé: kí àgbẹ̀ máa tà fún ẹni tí yóò jẹ ẹ́. Ọ̀rọ̀ náà kò ṣàjèjì sí wa. Ọjà ọrọọrún tí àwọn baba ńlá wa dá sílẹ̀, irú rẹ̀ ni. Àgbẹ̀ àti aya rẹ̀ a gbé ẹrù lọ sí ọjà ìtòsí, wọn a tà fún ará ìletò kejì, wọn a sì padà sílé ní ìrọ̀lẹ́ pẹ̀lú owó lọ́wọ́. Wọn a sì ti gbọ́ láti ẹnu ẹni tí ń jẹ ẹ́ irú èyí tí ó wù ú.

Ṣùgbọ́n a kò gbọdọ̀ fi ọ̀rọ̀ dídùn tan àgbẹ̀ jẹ. Ẹ jẹ́ kí á ṣe ìṣirò kan fún àpẹẹrẹ. Àgbẹ̀ kan ní apẹ̀rẹ̀ mẹ́wàá. Bí alárọ́bọ̀ bá san 5,000 náírà lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan lóko, 50,000 ni, ó sì parí. Bí ó bá gbé e lọ sí ìlú níbi tí wọ́n ti ń tà á ní 8,000, inú rẹ̀ a dùn. Ṣùgbọ́n bí apẹ̀rẹ̀ méjì bá bàjẹ́, tí owó ọkọ̀ àti ti ìsọ̀ sì jẹ́ 15,000, 49,000 péré ni ó kù fún un, a kò sì tíì ka ọjọ́ iṣẹ́ tí ó sọnù lóko. Nítorí náà, alárọ́bọ̀ kì í ṣe olè nítorí pé ó jèrè. Òun ni ó ń la ẹrẹ̀ kọjá dé oko jíjìn ní Òkè-Ògùn, òun ni ó sì ń ru àdánù bí ọkọ̀ bá kú sọ́nà. Àgbẹ̀ tí ń gbin ewédú lẹ́bàá ìlú ni ọ̀nà kúkúrú tètè ń ràn lọ́wọ́. Ẹni tí oko rẹ̀ jìn kò lè dá a ṣe.

Kí ni yóò ràn án lọ́wọ́? Ohun méjì ni: oníbàárà tí ó dájú, àti ẹgbẹ́. Ẹ wo ilẹ̀ Bùràsíìlì, níbi tí àwọn ọmọ ìran wa pọ̀ sí ní Bàhíà. Ní ọdún 2009, wọ́n ṣe òfin níbẹ̀ tí ó sọ nígbà náà pé, nínú owó tí ìjọba àpapọ̀ ń fi ránṣẹ́ fún oúnjẹ ọmọ ilé-ẹ̀kọ́, ó kéré tán, 30 nínú ọgọ́rùn-ún ni a gbọ́dọ̀ fi ra oúnjẹ lọ́wọ́ àwọn ìdílé àgbẹ̀ àti ẹgbẹ́ wọn. Àwọn tí ó wà nítòsí ni a sì ń fi ṣáájú. Nílé wa níhìn-ín, Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun bẹ̀rẹ̀ irú ètò bẹ́ẹ̀ ní ọdún 2006, ìjọba àpapọ̀ sì gbé tirẹ̀ kalẹ̀ ní ọdún 2016, pẹ̀lú èrò pé irè oko ìtòsí ni a ó máa sè fún àwọn ọmọ. Èrò rere ni. Ṣùgbọ́n níbikíbi tí owó bá ti pẹ́ kí ó tó dé, alárọ́bọ̀ tí ó san owó lójú ẹsẹ̀ ni àgbẹ̀ yóò padà tọ̀ lọ.

Ẹ̀yin ìyá ilé àti baba ilé, a kò ní láti dúró de ìjọba. Ìdílé mẹ́wàá nínú ìjọ kan lè bá àwọn àgbẹ̀ abúlé kan ṣe àdéhùn lórí gàrí, ẹ̀lúbọ́ àti àgbàdo gbígbẹ, èyí tí kì í tètè bàjẹ́. Kí àwọn àgbẹ̀ kó ẹrù wọn jọ sínú ọkọ̀ kan ṣoṣo lóṣooṣù. Ọwọ́ kan kò gbé ẹrù dórí. Kí kóńgò kan náà jẹ́ òṣùwọ̀n fún ẹni tí ń tà àti ẹni tí ń rà. Jù gbogbo rẹ̀ lọ, kí á san owó lọ́jọ́ tí a dá. Ẹni tí ó bá gba ẹrù àgbẹ̀ ní àwìn, tí kò sì san án títí oṣù mìíràn fi wọlé, ti tún sọ ọ̀nà kúkúrú di gígùn.

Lọ́jọ́ Ìdúpẹ́ Ìkórè, a ń ru iṣu àti àgbàdo wá síwájú pẹpẹ pẹ̀lú ayọ̀. Ó yẹ bẹ́ẹ̀. Kí á rántí pé ẹni tí ó wú iṣu náà ní ọmọ nílé-ẹ̀kọ́ gẹ́gẹ́ bí tiwa, àti pé iye tí a bá san fún un ní àwọn ọjọ́ ìyókù nínú ọdún ni yóò fi hàn bóyá ọmọ náà yóò lè dúró síbẹ̀.