Kì í ṣe gbogbo àmì roboto ni làpálàpá

Ẹ̀gbẹ́ etí àbúrò mi obìnrin ni àmì náà ti bẹ̀rẹ̀ ní Àkúrẹ́, roboto bíi kọ́bọ̀. Màmá wa ní làpálàpá ni. Oníkẹ́míìsì àdúgbò náà ní làpálàpá ni, ló bá ta ìpara fún un. Oṣù mẹ́ta, ìpara mẹ́rin. Àmì kan di mẹ́ta: àárín rẹ̀ funfun, etí rẹ̀ dúdú. Nígbà tó dé orí, irun ibẹ̀ re dànù. Ẹnì kan tiẹ̀ ní ọwọ́ ayé ni.

Ẹ̀gbọ́n bàbá wa tó ń gbé ní Oǹdó ló ní ká máa bọ̀, ká wá rí dókítà awọ ara. Dókítà yẹn ò sáré kọ oògùn. Ó gún un ní abẹ́rẹ́ tí kò ní jẹ́ kó mọ ìrora, ó gé awọ bíńtín níbẹ̀, ó fi ránṣẹ́ sí lábù. Èsì dé: discoid lupus.

Kì í ràn o. Àwọn ọmọ ogun tó yẹ kó máa gbèjà ara ló kọjú ìjà sí awọ. Oòrùn sì máa ń dá kún un.

Ẹ mọ Seal, olórin tó kọ “Kiss from a Rose”? Olúṣẹ́gun ni, London ni wọ́n bí i sí ní 1963, ọmọ Nàìjíríà sì ni ìyá rẹ̀. Ọ̀pọ̀ èèyàn rò pé ilà ló wà lójú ẹ̀. Lupus yìí ló dá àpá yẹn sí i.

Wọ́n fún àbúrò mi ní ìpara tó bá a mu àti hydroxychloroquine, oògùn tá a gbọ́ orúkọ ẹ̀ títí nígbà kòrónà ní 2020. Wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ àti ìtọ̀ rẹ̀ wò, torí ó lè wọnú ara àwọn míì. Wọ́n ní kó máa yẹ ojú wò déédéé nítorí oògùn náà, kó máa dé fìlà gbẹ̀rẹ̀gẹ̀dẹ̀, kó sì máa pa ìpara tó ń dènà oòrùn.

Àmì tuntun ò yọ mọ́. Ṣùgbọ́n níbi tí àpá ti jókòó sí lórí, irun ò hù mọ́. Oṣù mẹ́ta tá a fi ń dán ìpara wò ló gbé e lọ.

Ẹ jọ̀ọ́, bí ìpara àkọ́kọ́ ò bá ṣiṣẹ́, ẹ má ra ìkejì. Ẹ wá dókítà awọ ara lọ.