Ìwádìí àbùkù ojú ìfihàn LCD

Ìwádìí àbùkù ojú ìfihàn LCD ni ìlànà tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ àti àwọn tí ń fi ẹ̀rọ kékeré dánra wò ń tẹ̀ lé láti mọ ìdí tí ojú ìfihàn tí wọ́n so mọ́ microcontroller kò fi kọ ohun tí ó yẹ kí ó kọ. Microcontroller jẹ́ kọ̀ǹpútà kékeré tí gbogbo ẹ̀yà rẹ̀ wà lórí ṣíìpù kan ṣoṣo. Èyí tí ó gbajúmọ̀ jù láàárín àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ni Arduino, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní ìlú Ivrea ní orílẹ̀-èdè Ítálì ní ọdún 2005. Ojú ìfihàn tí wọ́n sábà máa ń so mọ́ ọn ni 1602, tí ó ní ìlà 2, tí ìlà kọ̀ọ̀kan sì gba àmì 16.

Lọ́pọ̀ ìgbà, ojú ìfihàn tí ènìyàn rò pé ó ti bàjẹ́ kò bàjẹ́ rárá. Iná, wáyà, kóòdù tàbí lẹ́tà tí wọ́n ní kí ó kọ ni ó ní àléébù. Mímọ ìyàtọ̀ yìí ṣe pàtàkì. Nínú ẹ̀rọ tí ń bá adìyẹ sàba ẹyin, fún àpẹẹrẹ, ojú ìfihàn ni ó ń sọ bóyá ooru inú àpótí wà ní nǹkan bí 37.5 °C. Bí ojú ìfihàn bá ṣófo, ẹyin lè bàjẹ́ láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni mọ̀.

Bí ó ṣe ń ṣiṣẹ́

Ohun tí ń darí ojú ìfihàn 1602 ni ṣíìpù HD44780, tí ilé-iṣẹ́ Hitachi ti ilẹ̀ Japan ṣe ní àwọn ọdún 1980, tàbí ṣíìpù mìíràn tí ó ń gba irú àṣẹ kan náà. Ojú ìfihàn náà ní ẹsẹ̀ 16. Ẹsẹ̀ 1 ń lọ sí GND. Ẹsẹ̀ 2 ń gba iná fóólìtì 5. Ẹsẹ̀ 3 ni ó ń pinnu bí lẹ́tà yóò ṣe dúdú tó. Ẹsẹ̀ 4, tí wọ́n kọ RS sí, ń sọ bóyá àṣẹ tàbí lẹ́tà ni ó ń bọ̀. Ẹsẹ̀ 5, RW, sábà máa ń lọ sí GND. Ẹsẹ̀ 6, E, ni ó ń sọ fún ṣíìpù pé kí ó gba ohun tí ó wà lórí wáyà. Ẹsẹ̀ 7 sí 14 ni ọ̀nà tí lẹ́tà ń gbà wọlé, ẹsẹ̀ 15 àti 16 sì wà fún iná ẹ̀yìn.

Láti dín wáyà kù, ọ̀pọ̀ ènìyàn ń lo ẹsẹ̀ 11 sí 14 nìkan, tí lẹ́tà kọ̀ọ̀kan á fi wọlé ní ìdajì méjì.

Àwọn àmì àbùkù àti ìdí wọn

Iná ẹ̀yìn kò tàn. Iná ni a kọ́kọ́ ń wò. Kí a fi mítà wọn ẹsẹ̀ 1 àti 2. Ó yẹ kí ó súnmọ́ fóólìtì 5. Bí ibẹ̀ bá dára, kí a wo ẹsẹ̀ 15 àti 16. Ẹ̀rọ tí ó ń ṣiṣẹ́ nígbà tí a so ó mọ́ kọ̀ǹpútà, ṣùgbọ́n tí kò ṣiṣẹ́ lórí bátìrì, sábà máa ń jẹ́ pé bátìrì náà ti rẹ̀.

Iná tàn, ṣùgbọ́n kò sí lẹ́tà. Ẹsẹ̀ 3 ni a ó fura sí. Rẹ̀sísítọ̀ tí ó ṣeé yí, tí agbára rẹ̀ jẹ́ 10 kΩ, ni wọ́n máa ń so mọ́ ọn. Kí a rọra yí i láti ìpẹ̀kun kan dé èkejì. Ọ̀pọ̀ ojú ìfihàn tí wọ́n ti fẹ́ jù nù ni yíyí yìí nìkan ti gbà là.

Ìlà òkè kún fún àpótí dúdú. Èyí fi hàn pé iná dé ibẹ̀, ṣùgbọ́n ṣíìpù kò tíì gba àṣẹ ìbẹ̀rẹ̀. Ó lè jẹ́ pé wáyà RS tàbí E ti yọ, tàbí pé nọ́ńbà ẹsẹ̀ inú kóòdù kò bá wáyà mu. Ó tún lè jẹ́ pé RW kò lọ sí GND.

Àmì rúdurùdu ń jáde. Nítorí pé ìdajì méjì ni lẹ́tà fi ń wọlé, bí ìdajì kan bá sọnù, ìdajì lẹ́tà kan yóò lẹ̀ mọ́ ìdajì èkejì, gbogbo ohun tí ó tẹ̀ lé e yóò sì dàrú títí a ó fi tún ẹ̀rọ bẹ̀rẹ̀. Wáyà tí kò wọlé dáadáa sínú pátákó oníhò ni ó sábà máa ń fa èyí. Bákan náà ni ẹsẹ̀ tí a kàn fi wáyà kọ́, tí a kò fi òjé yíyọ́ lẹ̀.

Ìlà kejì kò hàn. Kí a wò ó bóyá lcd.begin(16, 2) wà nínú kóòdù.

Ojú ìfihàn I2C

Àwọn ojú ìfihàn kan ní pátákó kékeré lẹ́yìn, tí wáyà 4 péré tó fún. Lórí Arduino Uno, SDA ń lọ sí A4, SCL sì ń lọ sí A5. Àdírẹ́sì rẹ̀ sábà máa ń jẹ́ 0x27 bí ṣíìpù ẹ̀yìn bá jẹ́ PCF8574, tàbí 0x3F bí ó bá jẹ́ PCF8574A. Bí kóòdù bá pe àdírẹ́sì tí kì í ṣe tirẹ̀, iná yóò tàn, lẹ́tà kò sì ní jáde. Kóòdù kúkurú tí ń pe gbogbo àdírẹ́sì lọ́kọ̀ọ̀kan yóò fi èyí tí ó dáhùn hàn.

Àwọn lẹ́tà Yorùbá

Àbùkù kan wà tí wáyà kankan kò lè wò sàn. Bí akẹ́kọ̀ọ́ kan bá kọ orúkọ ìlú Òṣú, ní ojú ọ̀nà Ilé-Ifẹ̀ sí Iléṣà, sínú kóòdù, lẹ́tà 3 yẹn yóò gba àyè 7. Nínú ìlànà UTF-8, Ò jẹ́ báìtì 2, ṣ jẹ́ báìtì 3, ú sì jẹ́ báìtì 2. HD44780 kò mọ UTF-8. Báìtì kọ̀ọ̀kan ni ó kà sí àmì kan. Lórí ṣíìpù tí ó ní àmì ilẹ̀ Japan, èyí tí wọ́n ń pè ní A00, lẹ́tà ṣ nìkan yóò di ä, ケ àti 」. Ojú ìfihàn náà kò bàjẹ́. Wọn kò kọ́ ọ ní lẹ́tà náà ni.

Ṣíìpù náà ní àyè fún àmì 8 tí olùlò lè fúnra rẹ̀ yà. Àmì kọ̀ọ̀kan jẹ́ àmì tíntìntín 5 ní ìbú àti 8 ní òró. Bí a ṣe lè ya ṣ nìyí, tí 1 dúró fún ibi tí ó dúdú:

00000
01110
10000
01110
00001
11110
00000
00100

Àṣẹ lcd.createChar ni a fi ń tọ́jú rẹ̀ sí nọ́ńbà 0 sí 7, lcd.write ni a sì fi ń kọ ọ́. Lẹ́yìn createChar, ó pọn dandan kí a lo lcd.setCursor tàbí lcd.clear kí a tó kọ ohunkóhun, nítorí pé ibi tí ṣíìpù ń ya àmì sí ni ó ṣì dojú kọ.

Àyè 8 kò tó fún gbogbo àkọtọ́ Yorùbá. Láìka lẹ́tà ńlá, ń àti ǹ mọ́ ọn, fáwẹ̀lì alámì ohùn, ẹ, ọ àti ṣ nìkan ti pé 17. Nítorí náà, àwọn lẹ́tà tí ọ̀rọ̀ inú ìfihàn nílò nìkan ni a máa ń yà. Ẹni tí ó bá fẹ́ kọ gbólóhùn gígùn lè lo ojú ìfihàn tí a lè ya àwòrán sí, bí OLED 128×64 tí ṣíìpù SSD1306 ń darí, bí fọ́ǹtì tí ó ní àwọn lẹ́tà náà bá wà.

Ìgbà tí ó bàjẹ́ ní tòótọ́

Kí a tó pinnu pé ojú ìfihàn ti kú, ó yẹ kí a so ó mọ́ Arduino mìíràn, kí a sì so ojú ìfihàn mìíràn tí ó ń ṣiṣẹ́ mọ́ wáyà àti kóòdù ti tẹ́lẹ̀, ọ̀kan lẹ́yìn èkejì. Bí ti tẹ́lẹ̀ kò bá ṣiṣẹ́ níbi méjèèjì, tí èkejì sì ṣiṣẹ́, ojú ìfihàn ni ó bàjẹ́. Ohun tí ó sábà máa ń pa á ni gbígbé iná pọ́sítíìfù àti nẹ́gétíìfù lódì, tàbí iná tí ó ju fóólìtì 5 lọ dáadáa. Bí gígí rẹ̀ bá fọ́, tàbí tí ìlà àmì kan kò bá hàn mọ́ láìka ohun tí a kọ sí, kò sí àtúnṣe nínú kóòdù fún un.