Àwòrán, Ọnà àti Oúnjẹ Kì í Ṣe Ẹ̀kọ́ Olódo

Ọ̀ràn kan ṣẹlẹ̀ nínú ilé wa tí a rò pé kò yẹ kí ó mọ sí àárín ilé, nítorí a mọ̀ pé irú rẹ̀ ń bẹ nínú ilé ọ̀pọ̀ nínú yín. Ọmọ wa obìnrin kan tí ó fẹ́ bọ́ sí kíláàsì àgbà ní ilé-ẹ̀kọ́ girama mú ìwé tí wọ́n fi ń yan ẹ̀kọ́ wá bá wa, kí a fọwọ́ sí i. Ó ti kọ àwòrán yíyà àti ìmọ̀ oúnjẹ sínú rẹ̀. Kí a tó lanu, ẹ̀gbọ́n wa tí ń ta aṣọ lọ́jà ti gba ìwé náà, ó sì wí pé: "Kí ni èyí? Ṣé ọbẹ̀ sísè ni baba rẹ ń san owó ilé-ẹ̀kọ́ lé lórí, èyí tí ìyá rẹ lè kọ́ ọ lọ́fẹ̀ẹ́ ní ẹ̀yìnkùlé? Ẹ̀kọ́ olódo ni ìwọ̀nyí!" Gbogbo ilé bú sẹ́rìn-ín. Àwa pàápàá rẹ́rìn-ín. Ọmọ náà ká ìwé rẹ̀, ó sì wọ yàrá lọ láìfọhùn.

Ẹ̀rín náà ń dùn wá títí di òní. A bi ara wa léèrè pé, ta ni ó sọ fún wa pé ọmọ tí orí rẹ̀ kò pé ni í kọ́ iṣẹ́ ọwọ́? Agbẹ́gilére, alágbẹ̀dẹ àti aláró, ọlọ́gbọ́n ni a ka gbogbo wọn sí láàárín àwọn baba wa. Ìgbà tí ilé-ẹ̀kọ́ dé, tí ìjọba àti àwọn oníṣòwò ń wá akọ̀wé kiri, ni a bẹ̀rẹ̀ sí í ka gègé sí ọ̀gá, tí a sì ka irinṣẹ́ yòókù sí ẹrú.

Akọ̀wé gan-an ni ó sì kọ́kọ́ dìde sí èrò yìí. Ọ̀gbẹ́ni Àìná Ọnàbólú, tí a bí ní Ìjẹ̀bú-Òde ní ọdún 1882, ṣiṣẹ́ akọ̀wé ní ilé-iṣẹ́ aṣọ́bodè ní Èkó. Bí ó ti ń fi gègé ṣiṣẹ́ ọba, bẹ́ẹ̀ ni ó ń fúnra rẹ̀ kọ́ àwòrán yíyà. Ní 1906 ó ya àwòrán Ìyáàfin Spencer Savage, èyí tí a ṣì ń yìn títí di òní. Ní 1920 ó wọ ọkọ̀ lọ sí Lọ́ńdọ̀nù láti kọ́ iṣẹ́ náà jinlẹ̀, ó sì padà wálé ní 1922. Kò fi ìmọ̀ náà pamọ́ sápò. Ó rọ àwọn aláṣẹ ẹ̀kọ́ pé kí wọ́n fi àyè gba àwòrán nínú ilé-ẹ̀kọ́ girama. Ó kọ́ni ní King's College, ó kọ́ni ní CMS Grammar School, ó sì ń ti ilé-ẹ̀kọ́ kan bọ́ sí èkejì. Ohun tí ó tẹnu mọ́ ni bí ojú ti í rí ohun tí ó jìnnà: bí ọ̀nà ti í tín-ín-rín bí ó ti ń lọ, àti bí òpó òkèèrè ti í kéré ju ti ìtòsí lọ. Ìṣirò ni èyí, kì í ṣe eré.

Kenneth Murray ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì dé ní 1927 láti ṣe iṣẹ́ kan náà, ṣùgbọ́n èrò tirẹ̀ yàtọ̀. Ó ní kí ọmọ ilẹ̀ yìí má ṣe fi ojú òyìnbó nìkan wo nǹkan, kí ó wo ère, ìkòkò àti aṣọ tí àwọn baba rẹ̀ ti ń ṣe. Ben Enwonwu, ẹni tí òkìkí rẹ̀ kàn ká ayé, wà lára àwọn tí ó kọ́. Àwọn kan gbè sẹ́yìn Ọnàbólú, àwọn kan sẹ́yìn Murray. Ní ojú tiwa, ọwọ́ ọ̀tún ni í wẹ òsì, òsì ni í wẹ ọ̀tún, tí ọwọ́ fi í mọ́.

Ẹ jẹ́ kí a padà sọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n wa oníṣòwò. Àdìrẹ ẹlẹ́kọ wà nínú ìsọ̀ rẹ̀, ó sì ń mú owó wọlé fún un. Kí ni àdìrẹ bí kò ṣe ìṣirò àti àwòrán? Aládìrẹ yóò pín aṣọ sí igun mẹ́rin-mẹ́rin, yóò ti ìyẹ́ adìẹ bọ inú ẹ̀kọ tí a fi láfún rò, yóò sì fi ya ọnà sí igun kọ̀ọ̀kan, kí ó tó rì í bọ inú aró tí a fi ewé ẹ̀lú ṣe. Ibi tí ẹ̀kọ bá bò, aró kò ní ráyè wọ̀ ọ́. Bí a bá ha ẹ̀kọ kúrò, ọnà yóò yọ. Nígbà tí a ṣí Gbọ̀ngàn Mápó ní Ìbàdàn ní 1929, àwọn aládìrẹ gbé òpó rẹ̀ sórí aṣọ, aṣọ náà ni a sì ń pè ní Ìbàdàndùn. Apá aṣọ méjì ni a í rán pọ̀ di ìró kan. Bí ẹni tí ó ya ọnà bá ṣi ìwọ̀n, méjèèjì kò ní bára mu, oníbàárà yóò sì tì í padà. Ǹjẹ́ olódo ha lè ṣe èyí bí?

Ṣùgbọ́n ti oúnjẹ ni ó wúwo jù, nítorí ẹ̀mí ni ó rọ̀ mọ́ ọn. Oníṣègùn obìnrin kan, Cicely Williams, ṣiṣẹ́ ní Gold Coast, tí í ṣe Gánà nísinsìnyí. Ó rí àwọn ọmọ kékeré tí ẹsẹ̀ wọn wú, tí irun wọn pọ́n, tí awọ ara wọn sì ń bó. Ó kọ̀wé nípa rẹ̀ ní 1933. Ní 1935 ó fi orúkọ tí àwọn ará Gá ń pè é han ayé, èyí ni kwashiorkor, àìsàn tí í mú ọmọ nígbà tí a bá bí àbúrò lé e. Àwọn ọmọ tí a já lẹ́nu ọmú ni, tí oúnjẹ wọn fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ àgbàdo nìkan. Àwọn ìyá wọn fẹ́ràn wọn. Ìfẹ́ kọ́ ni ó wọ́n, ìmọ̀ ni. Ògì tí a ti sẹ́ eèrí rẹ̀ nù a máa kún inú ọmọ, ṣùgbọ́n ohun tí ara fi ń dàgbà kò tó nínú rẹ̀. Ẹ̀wà, ẹyin tàbí ẹja ni a gbọ́dọ̀ fi kún un.

A kò sẹ́ pé ẹ̀yìnkùlé ní ọgbọ́n tirẹ̀. Àwọn ìyá wa mọ̀ pé a gbọ́dọ̀ rẹ ẹ̀gẹ́ sómi, tàbí kí a rin ín kí ó sì kan, kí a tó jẹ ẹ́. Wọ́n sì mọ̀ pé àkàrà ni ọ̀rẹ́ ẹ̀kọ. Ilé-ẹ̀kọ́ ni yóò fi ìdí rẹ̀ hàn wá: pé májèlé wà nínú ẹ̀gẹ́ tí iṣẹ́ wọ̀nyí ń lé jáde, àti pé ohun tí kò tó nínú àgbàdo, ẹ̀wà ní i. Ẹni tí ó mọ ìdí nǹkan kì í ṣìnà nígbà tí ó bá dé ìlú àjèjì.

Nígbà tí a ti rò ó títí, a lọ wo ilé-ẹ̀kọ́ kan tí a kò ní dárúkọ. Àgádágodo wà lẹ́nu ilé ìdáná. A yọjú lójú fèrèsé, a rí sítóòfù tí eruku bò. Nínú kíláàsì, olùkọ́ ń kọ bí a ti í ṣe kéèkì sójú pátákó, àwọn ọmọ sì ń dà á kọ. Ní ti àwòrán, àpótí ọ̀dà kan ṣoṣo ni gbogbo kíláàsì ń gbà lọ́wọ́ ara wọn. Olùkọ́ kò jẹ̀bi. Ó sọ fún wa pé láti inú owó oṣù òun ni òun ti í ra ìyẹ̀fun bí ìdánwò WAEC bá kù sí dẹ̀dẹ̀, nítorí ọmọ yóò se oúnjẹ níbẹ̀ lójú olùdánwò. Ta ni í kọ́ odò wíwẹ̀ lórí ilẹ̀ gbígbẹ?

Láti 1982 tí ètò ẹ̀kọ́ 6-3-3-4 ti bẹ̀rẹ̀ ní Nàìjíríà ni ìjọba ti kọ iṣẹ́ ọwọ́ sínú ìwé ètò. Ó dára, ṣùgbọ́n ìwé ètò kì í dáná. Nítorí náà a ń rọ àwọn aláṣẹ kí wọ́n ṣí ilé ìdáná sílẹ̀, kí wọ́n sì pèsè ọ̀dà. A ń rọ àwọn ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́ kí wọ́n pe aládìrẹ àti agbẹ́gilére wá sí kíláàsì. Ẹ̀yin oníṣòwò, àjákù aṣọ tí ẹ ń dà nù àti kóńgò ẹ̀wà kan lè di ẹ̀kọ́ fún ogójì ọmọ. Ẹ̀yin òbí, ẹ má ṣe fi ẹ̀rín pa ẹ̀bùn ọmọ yín.

Ní tiwa, a pe ọmọ wa jókòó, a sọ fún un pé a ṣe àṣìṣe, a sì fọwọ́ sí ìwé náà. Ní ọjọ́ kejì, ẹ̀gbọ́n wa fi aṣọ funfun ọ̀pá márùn-ún ránṣẹ́ sí i, kí ó fi ya ọnà. Kò bẹ̀bẹ̀, ṣùgbọ́n a gbọ́ èdè rẹ̀. Ọmọdé gbọ́n, àgbà gbọ́n, ni a fi dá Ilé-Ifẹ̀.