Windows 11 Tí Kò Dé: Bí Oníbàárà Ṣe Lè Bèèrè Ẹ̀tọ́ Rẹ̀ Lórí Ìlérí Update

Ọ̀rọ̀ kan wà tí ẹni tó bá ń ra láptọ́ọ̀pù tòkunbọ̀ ní Bódìjà, ní Agbowó tàbí ní Dùgbẹ̀ nílùú Ìbàdàn kì í pẹ́ gbọ́ lẹ́nu olùtajà: "Ẹ má mikàn, ó máa gba Windows 11. Ẹ ṣáà ti so ó mọ́ íntánẹ́ẹ̀tì, á ṣe update fúnra ẹ̀." Oníbàárà á mi orí, á ka owó, á gbé ẹ̀rọ rẹ̀ lọ sílé. Oṣù kan á kọjá, oṣù kejì á tẹ̀ lé e, ẹ̀rọ náà ò ní kúrò lórí Windows 10. Bó bá padà sí ṣọ́ọ̀bù, wọ́n á ní kó padà wá lọ́la. Ọ̀la á di ọ̀tunla. Nígbà tó bá yá, wọ́n á ní Microsoft ló lẹ̀bi.

Owó wà nínú ọ̀rọ̀ olùtajà yẹn. Láptọ́ọ̀pù tó lè gba Windows 11 máa ń wọ́n ju èyí tí kò lè gbà á lọ, nítorí náà ẹni tó sanwó lórí ìlérí náà ti ra ìlérí pọ̀ mọ́ ẹ̀rọ. Bí ìlérí kò bá ṣẹ, ààbọ̀ ọjà ni wọ́n gbé fún un. Irú ẹni bẹ́ẹ̀ ni a kọ ìwé yìí fún, òun àti ẹni tí wọ́n ṣèlérí Android tuntun fún lórí fóònù tí kò sì rí i gbà.

Kí ló ń fà á tí ẹ̀rọ fi ń kọ̀? Ní October 2021 ni Microsoft gbé Windows 11 jáde, wọ́n sì la ohun tó ń fẹ́ sílẹ̀: RAM 4GB ó kéré tán, àyè ìpamọ́ 64GB, ohun ààbò inú ẹ̀rọ tí wọ́n ń pè ní TPM 2.0, àti processor tó bá wà nínú àkọsílẹ̀ wọn. Ní ti processor Intel, ìran kẹjọ, èyí tó jáde ní 2017, ni ọ̀pọ̀ jù lọ nínú àkọsílẹ̀ náà ti bẹ̀rẹ̀. Kò ṣòro láti mọ ìran tí ẹ̀rọ wà. Kí oníbàárà ṣí Settings, kó wọ System, kó tẹ About. Bó bá rí Core i5-7200U níbẹ̀, 7 tó ṣáájú nínú nọ́ńbà yẹn ń sọ pé ìran keje ni. Bó bá jẹ́ i5-8250U, ìran kẹjọ nìyẹn. Bí nọ́ńbà náà bá fi 10 tàbí 11 bẹ̀rẹ̀, ìran kẹwàá tàbí ìkọkànlá ni. Nọ́ńbà kékeré yẹn ló sábà máa ń ya ẹ̀rọ tó máa gbà á sọ́tọ̀ kúrò lára èyí tí kò ní gbà á. Microsoft tún ní áàpù ọ̀fẹ́ kan, PC Health Check, tó máa ń sọ ọ́ ní tààràtà bóyá ẹ̀rọ náà yẹ tàbí kò yẹ. Kí oníbàárà ṣe àyẹ̀wò yìí lójú olùtajà, kí owó tó kúrò lọ́wọ́ rẹ̀.

Àwọn kan máa ń fi ọgbọ́n kan ti Windows 11 wọ inú ẹ̀rọ tí kò yẹ fún un. Ojú ẹ̀rọ á fi Windows 11 hàn lóòótọ́, inú oníbàárà á sì dùn. Àmọ́ Microsoft ti sọ ọ́ pé irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ kò lẹ́tọ̀ọ́ sí update, títí kan àtúnṣe tó ń dí ojú ihò tí àwọn olè orí íntánẹ́ẹ̀tì ń gbà wọlé. Olùtajà tó bá ṣe bẹ́ẹ̀ kò tíì mú ìlérí ṣẹ. Ọ̀dà ló fi kun ògiri tó ti sán. Ọ̀rọ̀ náà sì ti wá le sí i báyìí, torí pé ní October 14, 2025 ni Microsoft dáwọ́ ìtọ́jú ọ̀fẹ́ tó ń ṣe fún Windows 10 dúró.

Ti fóònù tún ní ọ̀nà tirẹ̀. Bí Google bá ti gbé Android tuntun jáde, ilé iṣẹ́ tó ṣe chip inú fóònù gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ ṣe tirẹ̀, kí ilé iṣẹ́ tó ṣe fóònù tó wá tún un ṣe kó bá irú fóònù kọ̀ọ̀kan mu. Níbikíbi tí ọ̀kan nínú wọn bá ti dá iṣẹ́ dúró, ibẹ̀ ni update kú sí. Google ṣèlérí ọdún méje fún Pixel 8 ní 2023, Samsung sì ṣèlérí ọdún méje fún Galaxy S24 ní 2024. Fóònù olówó pọ́ọ́kú kì í rí tó bẹ́ẹ̀. Ohun tó tún ń tan ọ̀pọ̀ ènìyàn jẹ ni orúkọ tó jọra: ìlérí tí wọ́n ṣe fún fóònù 5G lè má kan àbúrò rẹ̀ tó jẹ́ 4G, bẹ́ẹ̀ orúkọ kan náà ló wà lára páálí. Nọ́ńbà irú fóònù náà, tó wà lábẹ́ About phone, ni kí oníbàárà kọ sílẹ̀. Kó tún kọ ọjọ́ tó wà lábẹ́ security update, torí ọjọ́ yẹn ló ń fi hàn ìgbà tí ilé iṣẹ́ náà rántí fóònù rẹ̀ kẹ́yìn.

Òfin wà fún ọ̀rọ̀ yìí. Òfin Àpapọ̀ lórí Ìdíje Òwò àti Ààbò Oníbàárà, ti 2018, ni Ààrẹ Muhammadu Buhari buwọ́ lù ní January 2019. Òun ló dá FCCPC, àjọ tó ń dáàbò bo oníbàárà, sílẹ̀, tó gba ipò àjọ CPC àtijọ́. Nínú gbogbo abala rẹ̀, abala 122 ni ó yẹ kí oníbàárà há sórí. Ó ní bí oníbàárà bá ti jẹ́ kí olùtajà mọ ohun pàtó tó fẹ́ fi ọjà ṣe, tí ọjà náà kò sì wúlò fún un, ó lè dá a padà láàárín àsìkò tó bójú mu, kó sì gba gbogbo owó rẹ̀.

Ibi tí agbára wà níbẹ̀ ni pé oníbàárà jẹ́ kí olùtajà mọ̀. Akẹ́kọ̀ọ́ tó wá láti Yunifásítì Ìbàdàn, tó kàn sọ pé òun fẹ́ láptọ́ọ̀pù tó dáa, kò tíì sọ nǹkan tí òfin lè dì mú. Èyí tó kọ ọ́ ránṣẹ́ lórí WhatsApp pé, "Ọ̀gá, Windows 11 ni wọ́n ń lò fún iṣẹ́ wa, ṣé èyí máa gbà á láìsí wàhálà?" tí olùtajà sì fèsì pé, "Ó máa gbà á dáadáa, ẹ fọkàn balẹ̀," ti ní ẹ̀rí lọ́wọ́. Ìyàtọ̀ àwọn méjèèjì kò ju ìlà méjì lójú fóònù lọ.

Èrò yìí kì í ṣe tuntun nílùú yìí. Òfin títa ọjà ti Ẹkùn Ìwọ̀-Oòrùn, ti 1959, nígbà tí Ìbàdàn jẹ́ olú ìlú ẹkùn náà tí ilé Bódìjà Ẹ́sítéètì sì ṣẹ̀ṣẹ̀ ń yọjú, ti sọ pé ọjà gbọ́dọ̀ wúlò fún ohun tí oníbàárà sọ fún olùtajà pé òun fẹ́ fi ṣe. Òfin tuntun wá fún ọ̀rọ̀ àtijọ́ yẹn ní eyín.

Àwọn abala mìíràn tún gbè é lẹ́yìn. Abala 125 ka èké àti ìtànjẹ nínú ìpolówó ọjà léèwọ̀. Abala 118 ní kí olùtajà fún oníbàárà ní ìwé tí orúkọ àti àdírẹ́sì rẹ̀, ọjọ́, irú ọjà àti iye owó wà nínú rẹ̀. Ní ti àkọlé tó máa ń wà nísàlẹ̀ rìsíìtì pé ọjà tí wọ́n bá ti tà, wọn kì í gbà á padà, abala 129 kò gba olùtajà láyè láti fi irú àdéhùn bẹ́ẹ̀ já ẹ̀tọ́ tí òfin fún oníbàárà gbà. Ilé iṣẹ́ tí kóòtù bá dá lẹ́bi pé ó tẹ ẹ̀tọ́ oníbàárà lójú lè san owó ìtanràn tí kò dín ní mílíọ̀nù 100 náírà, tàbí ìdá kan nínú mẹ́wàá owó tó pa lọ́dún tó ṣáájú, èyí tó bá pọ̀ jù níbẹ̀.

Ibo ni ẹni tí wọ́n ti já kulẹ̀ á ti bẹ̀rẹ̀? Kó bẹ̀rẹ̀ láti inú fóònù rẹ̀. Kó ya àwòrán ọ̀rọ̀ WhatsApp náà, kí ọjọ́ àti nọ́ńbà olùtajà hàn nínú rẹ̀. Kó ya àwòrán ìpolówó tí wọ́n fi pè é wá, páálí ọjà, rìsíìtì, àti àkọsílẹ̀ owó tó kúrò ní báńkì. Kó ya ojú About, àti ibi tí ẹ̀rọ ti sọ pé òun kò yẹ fún update. Bó bá jẹ́ fóònù, kó tẹ *#06# kó lè rí IMEI, kó kọ ọ́ sílẹ̀.

Lẹ́yìn náà, kó kọ lẹ́tà sí olùtajà. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ń fo ibí yìí torí pé ó rọrùn láti lọ pariwo ní ṣọ́ọ̀bù, àmọ́ ariwo kì í wọ inú fáìlì. Lẹ́tà náà kò ní ju báyìí lọ:

"Ẹ̀yin ọ̀gá, mo ra láptọ́ọ̀pù (orúkọ àti nọ́ńbà rẹ̀) lọ́wọ́ yín ní (ọjọ́), ní (iye owó). Kí n tó sanwó, mo sọ fún yín pé Windows 11 ni mo fẹ́ lò, ẹ sì kọ ọ́ sí mi pé ẹ̀rọ náà máa gbà á. Kò gbà á. Àwòrán ẹ̀rí wà pẹ̀lú lẹ́tà yìí. Gẹ́gẹ́ bí abala 122 òfin FCCPC ṣe sọ, mo fẹ́ kí ẹ pààrọ̀ rẹ̀ fún mi tàbí kí ẹ dá owó mi padà láàárín ọjọ́ 14. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, màá gbé ọ̀rọ̀ náà lọ sọ́dọ̀ FCCPC."

Ọjọ́ 14 yẹn, oníbàárà fúnra rẹ̀ ló ń yàn án, kó lè ní ibi tó máa gbá ọ̀rọ̀ mú. Kó fi ẹ̀dà kan ránṣẹ́ lórí WhatsApp, kó mú ẹ̀dà kejì lọ sí ṣọ́ọ̀bù kí wọ́n buwọ́ lù ú. Bí wọ́n bá ní kó fi ẹ̀rọ sílẹ̀ káwọn fi yẹ̀ ẹ́ wò, kó má fi í sílẹ̀ láìgba ìwé tí nọ́ńbà ẹ̀rọ wà nínú rẹ̀. Àsìkò ṣe pàtàkì gan-an níbí. Kò ní rọrùn fún ẹni tó lo ẹ̀rọ fún ọdún kan àbọ̀ kó tó rántí bínú láti sọ pé òun dá a padà láàárín àsìkò tó bójú mu.

Bí olùtajà bá kọ etí ikún, òfin gba oníbàárà láyè láti lọ bá àjọ tó ń bójú tó iṣẹ́ náà, tàbí kó lọ bá FCCPC ní tààràtà. Bó bá jẹ́ ilé iṣẹ́ nẹ́tíwọ̀ọ̀kì ló ṣèlérí, àjọ NCC tó ń bójú tó wọn ni, nọ́ńbà 622 sì ni wọ́n ń pè lọ́fẹ̀ẹ́. Bó bá jẹ́ báńkì, Báńkì Àpapọ̀ CBN ni. Ní ti ọjà láti ṣọ́ọ̀bù, FCCPC ni. Ojú òpó wọn ni fccpc.gov.ng, ímeèlì wọn sì ni contact@fccpc.gov.ng. Orúkọ àti àdírẹ́sì ẹni tó ń sun ẹ̀sùn, ti olùtajà, irú ọjà, ọjọ́ tó rà á, ohun tó ti ṣe lórí ọ̀rọ̀ náà àti ohun tó ń fẹ́ ni kó kọ, kó wá so àwọn àwòrán rẹ̀ mọ́ ọn. Ọ̀nà kóòtù náà ṣí sílẹ̀ fún un.

Ẹnikẹ́ni lè rò pé ilé iṣẹ́ ńlá ilẹ̀ òkèèrè ò ní ka irú ẹ̀sùn báyìí sí. Àmọ́ wọ́n máa ń kà á sí. Ní June 2011, HTC, ilé iṣẹ́ tó ń ṣe fóònù, kéde pé àwọn kò ní lè gbé Android tí wọ́n ń pè ní Gingerbread sórí fóònù Desire mọ́, pé àyè inú rẹ̀ kò tó. Àwọn tó ra fóònù náà fi ẹ̀hónú hàn, nígbà tó sì di ọjọ́ kejì, HTC yí ọ̀rọ̀ padà. Ní June 2024, Apple fi Siri tuntun, olùrànlọ́wọ́ tí ènìyàn ń bá sọ̀rọ̀ lórí fóònù, hàn, ó fi polówó iPhone 16, kó tó di March 2025 tó kéde pé ó máa pẹ́ kó tó dé. Láàárín oṣù yẹn kan náà ni àwọn oníbàárà gbé e lọ sí kóòtù ní California lórí ìpolówó èké. Nílé níbí, FCCPC bu 220 mílíọ̀nù dọ́là lé Meta, tó ni WhatsApp, lórí ní July 2024 nítorí ọwọ́ tí WhatsApp fi mú ìsọfúnni àwọn ọmọ Nàìjíríà, ilé ẹjọ́ pàtàkì tó ń gbọ́ irú ẹjọ́ bẹ́ẹ̀ sì fọwọ́ sí i ní April 2025.

Gbogbo ẹjọ́ kọ́ ni oníbàárà ń jàre. Ẹgbẹ́ oníbàárà ilẹ̀ Netherlands, Consumentenbond, pe Samsung lẹ́jọ́ pé kó máa fún fóònù rẹ̀ ní update fún ọdún mélòó kan, ilé ẹjọ́ sì dá ẹ̀bẹ̀ wọn nù ní 2018. Ohun tí kò tíì ṣẹlẹ̀ ni wọ́n ń bèèrè. Ẹni tó ní ìlérí pàtó lọ́wọ́, fún ẹ̀rọ pàtó, lórí ọjà tó ti sanwó rẹ̀, dúró sórí ilẹ̀ tó le ju tiwọn lọ.

Bí ẹ̀gbọ́n tàbí àbúrò bá fi fóònù ránṣẹ́ láti London, ẹni tó sanwó lọ́hùn-ún ni kó sun ẹ̀sùn náà, lábẹ́ òfin ibẹ̀. Láti April 29, 2024, òfin Bìrìtìkó ti ní kí ilé iṣẹ́ tó ń ta irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ sọ iye àkókò tí àtúnṣe ààbò máa fi wà, ó kéré tán.

Ẹ̀yin tí ọ̀rọ̀ yìí bá kàn, ẹ ya àwòrán ìlérí náà lónìí kí fóònù tó bàjẹ́ tàbí kó sọnù, kí ẹ sì kọ lẹ́tà yín lọ́sẹ̀ yìí. FCCPC kì í gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ ẹni tó bá wá sun ẹ̀sùn.