Etí tó ń hó, imú tó ń dí: kí ni ká ṣe, àwa tá a fẹ́ràn orin?

Ọ̀pọ̀ nínú wa tó fẹ́ràn ìlù Gẹ̀lẹ̀dẹ́ àti orin òde ìnáwó máa ń gbọ́ ariwo "ṣíííí" nínú etí nígbà tí ilé bá dákẹ́ lóru. Acouphène ni Faransé ń pè é. Kì í ṣe èpè, kì í ṣe àjẹ́.

Nínú etí lọ́hùn-ún, irun tíntìntín ló ń gba ohùn. Gbohùngbohùn ńlá lè pa wọ́n. Tí wọ́n bá kú, wọn kì í hù mọ́. Ariwo tó bá tó desibẹ́ẹ̀lì 85, kó má ju wákàtí 8 lọ lóòjọ́. Tó bá di 100, ìṣẹ́jú 15 péré ni.

Imú wá ńkọ́? Ihò tẹ́ẹ́rẹ́ kan so ẹ̀yìn imú mọ́ etí. Tí sinusite bá mú wa nígbà ọyẹ́, ihò yẹn lè wú, kó dí. Etí á wúwo, ariwo inú rẹ̀ á sì máa pọ̀.

Kí ni ká ṣe? Ẹ sè omi, ẹ jẹ́ kó tutù, ẹ fi iyọ̀ ṣíbí kékeré kan sí ìdajì lítà, kẹ́ ẹ fi fọ imú. Ẹ má da epo àtùpà sí etí o. Lóde ijó, ẹ jìnnà sí gbohùngbohùn, ẹ máa jáde síta kí etí lè sinmi. Tí ariwo náà ò bá jẹ́ kẹ́ ẹ sùn, ẹ tan rédíò sílẹ̀ jẹ́jẹ́.

Tó bá jẹ́ etí kan ṣoṣo ló ń hó, tí òòyì ń kọ́ yín, tàbí tí etí di lójijì, ẹ má dúró: ẹ lọ rí dókítà ORL. Kò sẹ́ni tó ní ká pa orin tì. Ká rọ ohùn rẹ̀ sílẹ̀ ni, ká lè gbọ́ ọ dọjọ́ alẹ́.